Ẹsẹ̀ Òsì Àlááji Làmídì

Ẹni tó bá ní ẹnu Mutmainah kò mú, ẹ ní kí onítọ̀hún lọ bi àwọn ọlọ́jà Circle ní Accra léèrè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí abẹ́rẹ́ tó fi ń hun òwú, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ dáadáa. Accra ni wọ́n bí i sí. Kokomlemle ló gbé dàgbà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Sàúdátù ìyá rẹ̀ ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù. Yorùbá rẹ̀ ní Twi nínú, Twi rẹ̀ ní Gàá nínú, èébú rẹ̀ sì dá ṣáká ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ tó pàdé Khàlíl, ìjà ló bá lọ.

Ọdún dúmsọ̀ ni, ọdún tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Gbogbo Accra ló ń ra ohun tó ń lo bátìrì. Mutmainah ra fáànù kékeré kan ní Circle lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, fáànù ti dákẹ́. Ó gbé e há abíyá, ó gbé àpò òwú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó forí lé ìsọ̀ tó ti rà á.

"Ìwọ lo ta fáànù yìí fún mi?"

"Èmi ni, àǹtí," ni Khàlíl wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n wẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan! Ẹjọ́ tí mo wá rò gan-an nìyẹn! Mo tan án, ó ń wò mí. Mo gbá a létí, ó tún ń wò mí. Chálè, ṣé fáànù lo tà fún mi ni, àbí àwòrán fáànù?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ra ṣájà fi ṣájà sílẹ̀, wọ́n súnmọ́ ìran. Khàlíl gba fáànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú tọnafíìsì, ó tú ẹ̀yìn fáànù náà, ó yọjú wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ wo nǹkan lórí tábìlì, ó sọ̀rọ̀ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

"Àǹtí, òwú yín ló fún un lọ́rùn."

Mutmainah wo inú fáànù. Òwú pupa, òwú tirẹ̀, tó ń hun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ló wé mọ́ ọ níbẹ̀ bí ejò tó ká jọ sínú agolo. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Ó ń retí kí ọmọkùnrin náà gbé òwú náà sókè, kí gbogbo Circle fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe nìyẹn, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Khàlíl ká òwú náà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sápò, ó yíjú sí àwọn èrò. "Ẹ̀bi mi ni o. Wáyà ló já nínú rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ àǹtí."

Mutmainah, ọmọ Sàúdátù, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, wá ọ̀rọ̀ tì. Ó gbé fáànù tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn, ó lọ sílé. Nígbà tó dé Kokomlemle ló rántí pé òun ò dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Khàlíl yọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ra bọ́tìnnì mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta, ó tún ra mẹ́fà. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ó ti ra bọ́tìnnì tó lè tó ẹ̀wù ogójì. Sàúdátù wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ yìí, ṣé ò ń jẹ bọ́tìnnì ni?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé kí n pe Mutmainah kó wá dá ọ lóhùn, àbí o fẹ́ fi síìpù kún un?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á jọ jẹ wáákè, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lábẹ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mutmainah á máa sọ̀rọ̀, Khàlíl á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Khàlíl. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ nílé, ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún kó tó wá bá bàbá rẹ̀ ní Accra. Ìyá tó bí i ti kú. Àlááji Làmídì bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún un, ohun tí Àlááji bá sì sọ, abẹ gé e.

"Bàbá mi ò burú," ni Khàlíl wí. "Wọ́n kàn le ni. O lè bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n, Mutmainah, jọ̀ọ́..."

"Jọ̀ọ́ kí ni?"

"Sọ díẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú kan ni Khàlíl mú un lọ. Àlááji jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, gbogbo wọn jẹ́ àgbàlagbà oníṣòwò irin ọkọ̀ ní Agbogbloshie. Ní Gánà, ẹni tó bá wọlé bá ènìyàn, apá ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ Mutmainah nílé ìwé nìyẹn. Ó bọ ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ó bọ ìkejì, ó sì na ọwọ́ sí Àlááji Làmídì gbọnrangandan.

Àlááji wo ọwọ́ náà bí ẹni rí alángbá nínú àwo ọbẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ nílé yín?"

Ó yẹ kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀, kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ti ṣáájú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Orúnkún ń bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ ló kọ́kọ́ dé."

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àlááji kò rẹ́rìn-ín. Khàlíl di ojú. Nígbà tí Mutmainah wá kúnlẹ̀ lóòótọ́, ohun tó rí níwájú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ Àlááji, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tó nípọn, tó ga dé orúnkún, nínú ooru tó ń mú kí ògiri lààgùn. Iná ọba kò sí. Fáànù kò yí. Ó ṣe é láàánú ní tòótọ́. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Háà, Bàbá! Nínú ooru yìí? Ìbọ̀sẹ̀ yìí á ti se ẹsẹ̀ yín bí kẹ́ńkè nínú ewé. Ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kan ọmọ ìka yín."

Àlááji fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ọ̀run tó ṣú lójijì.

"Khàlíl."

"Bàbá."

"Mú un lọ. Ẹnu yìí kò lè wọ ilé mi. Ilé tí ẹnu bá ti ń jò, àṣírí kì í gbé ibẹ̀. Bí a bá ti jẹ Iléyá tán, mò ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá Adéògún. Mo ti gbọ́ pé Afeefah ọmọ rẹ̀ mọ ìkúnlẹ̀, ó sì mọ ìdákẹ́."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí Iléyá.

Mutmainah kò sunkún lójú títì. Ó dé yàrá kó tó sunkún, ó sì ń hun nǹkan bó ti ń sunkún, tó fi jẹ́ pé ó tún ìlà kan hun lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ náà ń yí i lórí. *Ṣé kí n gé ahọ́n mi kí n tó lè lọ́kọ ni? Bí mo bá gé e, ta ni Khàlíl máa fẹ́, èmi àbí ẹni tó kù?* Lẹ́yìn èyí, á tún rántí òwú pupa tí ọmọkùnrin náà ká sínú àtẹ́lẹwọ́ níwájú gbogbo Circle, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀.

Màmá Àgbékẹ́ ló wá tu ú nínú. Obìnrin yìí ń ta ọṣẹ lẹ́nu géètì Àlááji láti ogún ọdún, kò sí ìgbéyàwó àdúgbò tí kò ṣe alárinà rẹ̀.

"Ìbọ̀sẹ̀ lo fi ṣẹ̀ ẹ́," ni Màmá Àgbékẹ́ wí, "ìbọ̀sẹ̀ ni wàá fi bẹ̀ ẹ́. Ṣebí o mọ̀ ọ́n hun? Àlááji kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn, kì í gba aṣọ. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀! Bó bá rí ìbọ̀sẹ̀, ọmọdé ni. Àárín irin àlòkù ní Agbogbloshie, nínú epo àti ìdọ̀tí, ìbọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Èmi ní òtútù ló ń mú un."

"Òtútù wo ní Accra, Màmá?"

"Ṣé o tún ti bẹ̀rẹ̀?"

Mutmainah gbà láti hun ún. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ Àlááji, Khàlíl kò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Nínú balùwẹ̀ ló ti ń fi bútà tirẹ̀ ṣe àlùwàlá. Màmá Àgbékẹ́ ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ kejì, ó mú okùn kan dé tó so kókó méjì sí.

"Sálúbàtà tó fi ń ṣe àlùwàlá ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ó wà lẹ́nu balùwẹ̀, kò séèyàn níbẹ̀."

Okùn náà gùn. Ẹ̀rù díẹ̀ ba Mutmainah. *Ọkùnrin yìí lẹ́sẹ̀ o!* Ṣùgbọ́n ta ló máa ti ẹnu òun gbọ́ ìyẹn?

Ó yan òwú ọ̀rá tuntun tó ń dán nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti pupa. Ó yan iṣẹ́ tó le jù tó mọ̀, èyí tí ìlà rẹ̀ ń lọ́ra wọn bí irun dídì. Orí abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀: mẹ́rin á di ojú ìhun mú yípo, ẹ̀karùn-ún á máa ṣiṣẹ́. Ó fi ọjọ́ mẹ́jọ hun ún. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọlọ́wọ́ idán ló hun ún, ohun tó sì fẹ́ kí Àlááji mọ̀ nìyẹn.

Màmá Àgbékẹ́ gbé e wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tó fi gbé e jáde.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó na ọ̀kan. Ó ní, 'Àgbékẹ́, ìbọ̀sẹ̀ nìyí àbí àpò iṣu? Ṣé erin ni mí?' Ó tún wo àwọ̀ rẹ̀. Ó ní, 'Àbí mò ń lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Gánà ni?'"

Nígbà tí Khàlíl gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mutmainah fẹ́ ju àpò òwú lù ú.

"Má bínú, olólùfẹ́ mi. Sálúbàtà yẹn! Gbogbo wa là ń wọ̀ ọ́. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ rà á ní ńlá kí ẹsẹ̀ kẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá lè wọlé sí i. Àwọn gan-an kì í wọ̀ ọ́."

"O mọ ìyẹn, o sì dákẹ́?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú àwọn méjèèjì, torí Àlááji ti san owó ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Mo lè kọ̀ fún wọn," ni Khàlíl sọ, ó ń wo ilẹ̀. "Mo lè ní ìwọ ni mo fẹ́, kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n."

"Kí o di ọmọ tí kò ní bàbá? Kí o máa fi ọdọọdún wò mí bí ẹni tó gba bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ? Mi ò fẹ́. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kù."

*

Mutmainah lọ fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn Jímọ̀, láti lọ kúnlẹ̀ bẹ Àlááji. Màmá Àgbékẹ́ ṣí géètì fún un, ó padà sídìí ọṣẹ rẹ̀. Ilé dá wáí. Lórí okùn aṣọ, ìbọ̀sẹ̀ Àlááji tò lọ bí ẹyẹ lórí wáyà, méjì méjì. Ojú ahunṣọ ni Mutmainah fi wò wọ́n, ohun tó rí sì dá a dúró: nínú gbogbo méjì méjì, ọ̀kan mọ́ tónítóní, èkejì ti ya, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ya, ní ẹ̀gbẹ́ ìta, níbi ọmọ ìka tó kéré jù.

*Kí ló ń lu ihò sí gbogbo ìbọ̀sẹ̀ níbì kan náà?*

Ó gòkè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti inú yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbọ́ ohùn Àlááji: "Allahu Akbar." Ìrun Àlááṣárì ti bẹ̀rẹ̀. Àlááji ti ṣe àlùwàlá ní balùwẹ̀, ó rò pé òun nìkan ló wà nílé, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá lórí sìmẹ́ńtì dé yàrá. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù wà nílẹ̀ níwájú Mutmainah, ó mọ́ roro bí ẹni fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún: ìka márùn-ún.

Ẹsẹ̀ òsì: ó kà á. Ó tún un kà. Mẹ́fà.

Gbogbo nǹkan bọ́ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọ̀sẹ̀ tó ya. Bútà inú balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ tó sá wọ abẹ́ àga. *Ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kan ọmọ ìka yín.* Yéè, Mutmainah! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé!

Ṣùgbọ́n oòrùn Accra kì í dúró de ẹlẹ́kún. Etí ipa náà ti ń gbẹ. Ó fa òwú jáde nínú àpò, ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó wọn gígùn rẹ̀, ó so kókó. Ó wọn fífẹ̀ rẹ̀ níbi ìka, ó so kókó. Àlááji ti dé rákà kejì. Ó wọn gìgísẹ̀. Ìka kẹfà ti ń pòórá. Ó na òwú sí i, ó so kókó tó kẹ́yìn, ilẹ̀ gbẹ. Nínú yàrá, Àlááji ń sálámà. Mutmainah kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sáré jáde ní géètì.

"O ti bẹ̀ ẹ́?" ni Màmá Àgbékẹ́ béèrè.

Mutmainah la ẹnu. Ó pa á dé. "Wọ́n ń kírun."

*

Ọ̀rọ̀ náà ń hó nínú rẹ̀ bí omi lórí iná. Ẹ wo ohun tó ti máa ń sọ láyé ẹ̀: iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ aládùúgbò, ẹni tó fi irun àtọwọ́dá bo orí pípá. Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ ní gbogbo Kokomlemle wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, kò sì lè tu ú. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ṣé ibà ni? O ò tíì bú ẹnikẹ́ni láti àná."

Khàlíl náà bi í. "Kí lo rí nílé wa?"

Ó wo ojú ọmọkùnrin tó fẹ́ràn. Ọmọ bíbí ọkùnrin náà ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí bàbá kò bá tíì sọ fún ọmọ, ta ni òun? "Òwú ló ń dà mí láàmú," ló wí. "Mi ò tíì mọ èyí tí màá lò."

Òtítọ́ sì ni. Òwú ọ̀rá á máa ta ẹsẹ̀ tó ti ń jìyà. Òwú oko funfun á le bó bá gbẹ. Ó gba Kantamanto lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta òkú òyìnbó, ìyẹn aṣọ àlòkù òkè òkun, ó tú òkìtì súwẹ́tà títí ó fi rí ọ̀kan tó jẹ́ irun ọmọ àgùntàn, àwọ̀ eérú, tó rọ̀ bí ẹ̀yìn etí ológbò. Ó fi ọ̀sán odindi kan tú u pẹ̀lú sùúrù. Ó fọ òwú náà, ó so òkúta mọ́ ọn nídìí kó lè nà. Irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré: òun fúnra rẹ̀ ló ń tú wọn ní ojú kọ̀ọ̀kan, tó ń wo bí wọ́n ṣe hun ún. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Lọ́tẹ̀ yìí kò yan iṣẹ́ tó ń dán. Ó fẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tí ojú ò ní dúró lórí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀, ojú méjì níwájú, ojú méjì lẹ́yìn, kó lè nà, kó má fún ẹran ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Kò sí ojú rírán níbi ìka, torí ìyẹn á máa fín in. Ọgbọ́n tó kù wà nínú ti òsì. Ó fi ojú mẹ́jọ kún ẹ̀gbẹ́ ìta, ó sì hun wọ́n lọ́nà tó ń fà wọlé fúnra wọn; bí ìbọ̀sẹ̀ bá wà lọ́wọ́, wọn ò hàn, bí ẹsẹ̀ bá wọ̀ ọ́, wọ́n á ṣí bí ilẹ̀kùn. Lójú, méjèèjì dọ́gba. Ẹsẹ̀ nìkan ló lè mọ̀. Ó fi okùn dúdú kan ṣoṣo sàmì sínú ọrùn ti òsì.

Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n jẹ Iléyá nígbà tó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ náà, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, Khàlíl àti Màmá Àgbékẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ìbọ̀sẹ̀ tuntun náà síwájú. Àlááji gba ìbọ̀sẹ̀ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Èyí náà kéré jù kó gba iṣu," ló wí.

Mutmainah kò fèsì. Ẹnu ya Màmá Àgbékẹ́ débi pé ó wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

Àlááji wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Khàlíl bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbáà. Nígbà tó jáde, ìbọ̀sẹ̀ eérú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí.

"Ẹ jáde, gbogbo yín. Kí ọmọbìnrin yẹn dúró."

Ilẹ̀kùn pa dé. Àlááji kò jókòó.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ rìn kọjá. Oòrùn fẹ́ gbé e, mo tètè fi òwú wọ̀n ọ́n."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Khàlíl ńkọ́?"

"Ó bi mí. Mi ò sọ."

"Ìwọ? Pẹ̀lú ẹnu yìí?"

Ó gbójú sókè. "Bàbá, ẹnu mi mú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó mú náà ni wọ́n fi ń rán ihò dé."

Àlááji wò ó. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gòkè dé èjìká, ó bú jáde: ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lulẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé.

"Ilé kéwú ní Ògbómọ̀ṣọ́," ló wí, "wọ́n kọ orin fún ẹsẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Láti ọjọ́ yẹn, ìbọ̀sẹ̀. Ìyá Khàlíl nìkan ló mọ̀ ní Gánà yìí, ó sì gbé e lọ sí sàréè. Ṣé o mọ ohun tí à ń pe ọmọ tó bá wáyé báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Yorùbá mi ò tó."

"Olúgbódi. Wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ, ó ti mú tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run. Orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí nìyẹn. Mo gbé e sọ nù ní ẹnubodè Aflao nígbà tí mo ń bọ̀." Ó mi ìka ẹsẹ̀ òsì nínú ìbọ̀sẹ̀, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Àádọ́ta ọdún ó lé, ìka yìí ò tíì na ara rẹ̀ rí."

 

"Màá pe Adéògún lórí fóònù," ni Àlááji wí. "Kí o tún hun méjì sí i kó tó di ọjọ́ yìgì. Èmi kò lè wọ ọ̀kan ṣoṣo lọ."

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà tó dé ọpọlọ rẹ̀. Igbe tí Mutmainah ké, Màmá Àgbékẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu géètì, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Wọ́n so yìgì ní oṣù kejì lẹ́yìn Iléyá. Gbogbo àdúgbò ló ń bi ìyàwó: kí lo fi mú Àlááji? Idán wo lo pa? Ìyàwó á ní, "Òwú ni." Khàlíl náà bi í títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bí ọkùnrin. Nígbà tí Màmá Àgbékẹ́ ń wẹ ọmọ náà, ó dákẹ́ lójijì, ó sì fi tówẹ̀lì wé e lẹ́sẹ̀. Sàúdátù sì ti rí i. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlùfáà àti àlejò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà ọmọ náà wà ní yàrá pẹ̀lú okùn dúdú lọ́wọ́.

"Kí á so ìka kẹfà yìí nídìí kó já," ló ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Kékeré ló ṣì wà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Khàlíl dúró láàárín wọn, ojú rẹ̀ rú. "Bàbá ńkọ́? Kí ni wọ́n máa sọ?"

"Ìyá mi, ẹ má fi òwú kan ọmọ mi," ni Mutmainah wí. "Ẹ ká a."

"Nítorí kí ni?"

Ìdáhùn náà kì í ṣe ti Mutmainah. Omijé kún ojú rẹ̀, ó sì di ọmọ rẹ̀ mú.

Kọ́tìnnì ṣí. Àlááji Làmídì ló dúró níbẹ̀ nínú agbádá funfun, ìbọ̀sẹ̀ eérú lẹ́sẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo okùn dúdú, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dákẹ́ bí odi.

"Gbé e fún mi."

Ó gbé ọmọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín gbogbo ènìyàn, ó jókòó lórí àga. Àlùfáà bi í: "Àlááji, orúkọ wo la máa pè é?"

Àlááji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fa ìbọ̀sẹ̀ òsì rẹ̀ kúrò, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán sórí sìmẹ́ńtì, níbi tí gbogbo Kokomlemle ti lè kà á. Ó ṣí tówẹ̀lì lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó gbé méjèèjì síra wọn.

"Orúkọ wo?" ló wí, ohùn rẹ̀ sì dún dé ìta géètì. "Èyí ti mú tirẹ̀ bọ̀. Olúgbódi ni, bíi bàbá bàbá rẹ̀. Ẹ fi Ikrimah kún un, kí ẹ̀yin àlùfáà náà lè rí nǹkan ṣe."

Ariwo sọ. Màmá Àgbékẹ́, ogún ọdún lẹ́nu géètì, la ẹnu kò lè pa á dé. Sàúdátù ká okùn rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Khàlíl wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó wo ti ọmọ rẹ̀, ó wá yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ tó ti tẹ̀lé wọn jáde.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí gbogbo yín ti ń pè mí ní ẹlẹ́nu."

Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kékeré méjì jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀, àwọ̀ eérú, tí kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Ó ti hun wọ́n láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù márùn-ún, bí ọmọ bá lọ mú ẹsẹ̀ bàbá àgbà. Ó wá èyí tó ní okùn dúdú lọ́rùn, ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọlé wẹ́rẹ́, tòun tìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.